Ọpẹ́ Tí N Kò Dá Lọ́wọ́ Màmá Ẹlẹ́nà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá Màmá Ẹlẹ́nà ṣiṣẹ́, ìlà mọ́kànlá péré la tẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Ìlà mọ́kànlá. Èmi Fọlákẹ́, tí ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ n'Íbàdàn máa ń da aṣọ ìnura bo ọwọ́ wa lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ojú má baà ran ìka lọ́wọ́. Bí o bá yọjú wo ìka rẹ, rúlà á dún. Ẹni tó bá ti abẹ́ rúlà yẹn jáde, bó ń sùn lọ́wọ́, yóò tẹ lẹ́tà láìṣì. Lọ́jọ́ náà, mo dúró de bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road, mo ń wo ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bíi pé wọ́n ti jí ọ̀kan lọ nínú wọn.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Peckham, nílùú òyìnbó, láàárín ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń dirun. Lẹ́tà sí kánsù, CV, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ni mo ń tẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Ẹlẹ́nà ti wá bá mi, ìyá arúgbó kan tó wọ bàtà aláwọ gígùn bíi ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin lọ sí Deptford. Wọ́n ní òǹkọ̀wé ni àwọn. Ọmọ Ajẹntínà ni wọ́n, wọ́n ti gbé ládùúgbò wa ju ogójì ọdún lọ, wọ́n sì ti kọ ìwé ìtàn mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ lórí àwọn gáúṣò.

Darandaran orí ẹṣin ni gáúṣò. Ẹ rántí àwọn Fúlàní tó máa ń da màlúù kọjá lóko bàbá bàbá mi ní Òkèehò. Ẹ gbé wọn gun ẹṣin, ẹ ki ọ̀bẹ gígùn bọ ẹ̀yìn ìgbànú wọn, ẹ fún wọn ní ìgbéraga ọmọ ọba tí kò ní ààfin: gáúṣò nìyẹn. Àárín wọn ni Màmá Ẹlẹ́nà dàgbà sí, ní oko ẹran bàbá wọn. Èdè wọn ni wọ́n fi kọ ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àmọ́ òyìnbó ni wọ́n fẹ́ fi kọ ìkẹwàá, torí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ò gbọ́ èdè ilé. Mo ní, ẹ kú ìnira, ọ̀rọ̀ yẹn wà ní Peckham dáadáa.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ojú wọn ti ń lọ. Lẹ́tà ti di èèrà lójú wọn. Ọmọ wọn obìnrin sì ń bọ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ láti kó wọn lọ sí Cardiff.

"Ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ilé yẹn," wọ́n ní, "ìkan sì ń fun fèrè. Bí ìwé yìí ò bá parí kí n tó lọ, kò ní parí mọ́."

Oṣù mẹ́ta ló kù. Díkítéṣọ̀n ni iṣẹ́ náà: ẹnì kan ń sọ, ẹnì kejì ń tẹ̀. Ìyá onírúlà máa ń sọ fún wa pé, "Etí ni ọ̀gá, ìka ni ìránṣẹ́, ẹnu ò níṣẹ́ níbẹ̀."

Kí Màmá Ẹlẹ́nà tó sọ ohunkóhun, wọ́n á gbé omi kaná. Wọ́n ní ahá kékeré kan, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń mu ẹmu. Wọ́n á kó ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀, wọ́n á bu omi gbígbóná sí i, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fà á mu. Máté ni wọ́n ń pè é. Àwọn á kọ́kọ́ mu, wọ́n á tún bu omi, wọ́n á wá gbé e fún mi, ahá kan náà, ọ̀pá kan náà. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Mo mu ún tán, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá ahá padà, mo ní, "Ẹ ṣé, Mà." Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n gbé ahá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn ìlà mọ́kànlá, wọ́n ní, "Ó tó, Fọlá. Lọ sinmi."

Lọ́jọ́ kejì, ìlà mẹ́sàn-án. Mo lọ bá Àǹtí Bọ́sẹ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, wọ́n jù mí lọ, ìmọ̀ràn ò sì wọ́n lẹ́nu wọn.

"Ṣó o kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn?"

"Mo tẹ orúnkún díẹ̀, Àǹtí."

"Díẹ̀ kẹ̀? Orúnkún ẹ ti gba pásípọ́ọ̀tù. Kúnlẹ̀ kó kanlẹ̀. Bí wọ́n bá fún ẹ lómi lásán, dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àgbà tó kọ ọpẹ́."

Mo gbọ́ràn. Mo kúnlẹ̀ kó kanlẹ̀, mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbé àkàrà dání, mo dúpẹ́ kí n tó mu, mo dúpẹ́ lẹ́yìn tí mo mu. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣí kọ̀ǹpútà.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ojú ìwé mẹ́ta péré la ní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n ń fi bírò dúdú ńlá kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, ìlà kan ń gun ìkejì lórí. Wọ́n yára fi ìwé ìròyìn bò ó. Ọkàn mi ni mo bá sọ ọ́: ìyá yìí ò fẹ́ mi, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, n ó dá iṣẹ́ wọn padà, kí wọ́n tètè wá ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, omi ò tíì gbóná tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu wọn. Mo ní kí n kúkú tẹ èyí ná. Àlejò kan láti ìlú ńlá dé àgọ́ àwọn gáúṣò. Wọ́n jókòó yí iná ká, ahá ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó kan àlejò, ó mu, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ahá yí po, ó fo àlejò kọjá. Ó tún yí po, ó tún fò ó. Wọ́n fi ibùsùn hàn án, torí ẹni tó bá ti dúpẹ́ ti sọ pé ó tó òun.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tẹ̀wé. Ọjọ́ yẹn ni ìka mi kọ́kọ́ dúró fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹni tó bá dúpẹ́ ńkọ́?"

"Kò fẹ́ mọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ dìde. Ọmọdé mọ̀ ọ́n." Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ náà ńkọ́? Ẹyọ kan péré lo máa ń mu tó o fi ń dúpẹ́. Mo ní ó ti rẹ obìnrin yìí, ìwà tó ní ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó o wá kúnlẹ̀, mo rò pé ò ń bẹ̀ mí kí n dá ẹ sílẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí kọ̀ǹpútà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Máa jà mí lólè lọ, Fọlá, títí ìwé á fi parí."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Bí ahá bá ti dé ọwọ́ mi, ọpẹ́ á ti dé orí ahọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé ṣé mo lè máa tẹ orúnkún. Wọ́n ní kí n fi orúnkún ṣe ohun tó bá wù mí, ẹnu ni kí n dì. Ìyá onírúlà kúkú ti sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, a ń mu ún lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀meje, títí ewé á fi ṣá, ọ̀rọ̀ ń ya bí omi òjò. Ojú ìwé mẹ́fà lójúmọ́, nígbà míì mẹ́jọ. Ewúro náà tiẹ̀ wá ń dùn lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí bí abo màlúù ṣe máa ń ké bí wọ́n bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo ní kì í ké, ó máa ń béèrè ni, ohùn rẹ̀ á gòkè lópin bíi ti ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìwé náà di òní, ẹ̀rí láti Òkèehò.

Ọ̀la ni oṣù Kẹjọ yóò parí nígbà tí a tẹ ìlà ìkẹyìn. Páálí ẹrù ti kún pálọ̀, ọmọ wọn ti ń wá ibi tí yóò gbé mọ́tò sí nísàlẹ̀. Màmá Ẹlẹ́nà bu omi sí ahá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ewé ti ṣá pátápátá, kò ní ìtọ́wò kankan. Mo fà á títí ó fi dún ní ìdí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń dúró, etí wọn ṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ ti parí. Ó tọ́ kí n sọ ọ́.

Mo tẹ orúnkún, mo dá ahá padà, mo panu mọ́.

"Olè," wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù mi nínú àpò kan. Àǹtí Bọ́sẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i dé ẹ̀yìn níbi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́, wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà ojú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ológbò wọn. Fọlákẹ́, orúkọ ẹ dà?"

"Kò sí níbẹ̀, Àǹtí."

"Ológbò wà níbẹ̀, ìwọ ò sí níbẹ̀. Gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn. Ìyá yẹn mà ṣe ẹ́ níkà o."

Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ti lé sójú mi. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò náà, mo fa páálí ewé kan jáde, àti ahá tuntun pẹ̀lú ọ̀pá irin rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n gbé omi kaná," mo ní. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mu ún tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan fún mi."