Orúkọ Rodiyat Ni Wọ́n Fi Tọrọ Ìbò

Àga onítìmùtìmù ni Rodiyat ń tún ṣe ní ẹ̀yìn Ajangbadi, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ kí omi má wọlé. Láti ìgbà tí ọ̀gbàrá ti ba àga àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ló ti ń pariwo gọ́tà kiri. Ìgbìmọ̀ àdúgbò kò gbọ́. Àwọn ará ìta títì, tí omi kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, ló pọ̀ jù, ẹgbẹ́ tó bá sì ti fi ìbò kan ju èkejì ló ń kó gbogbo ipò.

Nígbà tó yá, wọ́n yí òfin ìbò padà. Ẹgbẹ́ ni èèyàn yóò máa dìbò fún. Bí ìbò ẹgbẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni wọn yóò ṣe pín ipò fún un. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá kọ sí òkè ìwé orúkọ wọn ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Gbádébọ̀, olórí ẹgbẹ́ àwọn ará ẹ̀yìn, wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ìyá Muheez, ìwọ ni wọ́n mọ̀. Orúkọ rẹ ló máa tẹ̀ lé tèmi."

Rodiyat ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó wọ ilé àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ó fi ìwọ̀nba Ẹ̀gùn tó gbọ́ bá àwọn Ẹ̀gùn sọ̀rọ̀. "Ẹ dìbò fún wa. Mo máa dúró ti ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí."

Àmì ẹgbẹ́ nìkan ló wà lórí ìwé ìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ipò méjì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀yìn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Inú wọn ń dùn lọ́wọ́ ni akọ̀wé pe orúkọ àwọn tó wọlé: Gbádébọ̀, àti Dayọ̀ àna rẹ̀, tó ti kó lọ sí Ijanikin. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ Rodiyat sí.

Ó lọ bá Gbádébọ̀ láàárín àwọn tó ń kí i kú oríire.

"Bàbá, ta ni ẹ ní kó lọ tọrọ ìbò?"

"Fara balẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n dìbò fún, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bi yín ní òfin. Mo ní ta ni?"

"Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ẹbí ò ṣeé já sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó ń kan ìṣó mọ́ àga bí ẹni pé orí Gbádébọ̀ ló wà lábẹ́ òòlù. Ohun tó dùn ún jù ni àwọn tó ń bi í pé, "Gọ́tà wa ńkọ́?" Ló bá padà sí gbogbo ilé tó ti tọrọ ìbò. "Wọ́n fi orúkọ mi tàn yín," ló ń sọ fún wọn. "Wọ́n tan èmi náà."

Dayọ̀ kì í wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Nígbà tí ìkùnsínú pọ̀, Gbádébọ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Jọ̀ọ́, máa jókòó níbẹ̀ ní ipò Dayọ̀."

"Kí n máa bá àna yín ṣọ́ àga? Kí Dayọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀yin sì sọ ohun tí ẹ ṣe ní gbangba."

"Ìyẹn á bà mí lórúkọ jẹ́."

"Tèmi tí ẹ ti bà jẹ́ ńkọ́?"

Gbádébọ̀ yíjú padà. Ó lọ.

Rodiyat àti Peace, aládùúgbò rẹ̀, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ báyìí. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń to orúkọ àwọn olùdíje wọn. Kò sẹ́ni tó tíì gbẹ́ gọ́tà kankan. Tẹ́lẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni Rodiyat ti ń kí Gbádébọ̀. Bí Gbádébọ̀ bá ń kọjá báyìí, Rodiyat kì í tiẹ̀ gbójú sókè wò ó.