Itọ́ Inú Ìgò Mẹ́ta

Àkọ́bí mi, ọkọ mi, ọmọ olókè tí í ṣọ́ ọ̀nà, ọmọ agúnyán-kálejò-jẹ, sójà tó ti Maidúgùrì bọ̀ láìsí ojú ọgbẹ́ kankan lára. Òun ni mò ń sọ. N kò tíì mọ ohun tí mo ṣe sí i.

Nígbà tó délé ní Ìkẹ́rẹ́, bí aládùúgbò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán, ọmọ mi á da ara rẹ̀ bolẹ̀, á máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú. Àgbàlagbà kan tó wá kí wa rò pé òun ló dọ̀bálẹ̀ fún, ó ṣàdúrà fún un gan-an. Méje ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà. Mo mọ orúkọ wọn tán, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Dókítà tí mo mú un lọ bá ní nǹkan kan wà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù, họ́mọ́nù ni wọ́n ń pè é. Ó ní lára ẹni tó ti jagun, ó lè má mọ̀ pé ogun ti parí. Itọ́ ni wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fún wa ní ìgò kékeré mẹ́ta: ti àárọ̀ bó bá ti jí, ti ọ̀sán, ti ìrọ̀lẹ́.

Itọ́ tí a fi ń súre, tí a fi ń ṣépè, kí n gbé e fún ẹni tí n kò mọ ilé bàbá rẹ̀?

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ̀yin tí ẹ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, itọ́ lẹ tún ń bẹ̀rù?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ó tutọ́ síbẹ̀ ṣá. Bó ṣe ń tu ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń dà á nù lẹ́yìn ilé, tí mo ń ṣan ìgò, tí mo ń tu tèmi sí i. Èmi náà ni mo gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà wo ìwé. "Màmá, ẹ máa yọ̀. Ó jọ pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀."

Kò fi kún oògùn tó ti ń fún un. Ara tèmi ló balẹ̀ yẹn? Èmi tí oorun ti dá lójú mi láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ológun?

Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, ọmọ mi ṣubú nínú oko kòkó wa, kò dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ fún dókítà.

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ itọ́ ló pa á."

"Kí ló wá pa á?"

Ó ní òun kò lè sọ. Àánú mi ló ṣe é ni, àbí òótọ́ ni? N kò mọ̀.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ jáde lọ bẹ ọmọ mi kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀, àwọn obìnrin dì mí mú sínú yàrá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín.