Ẹsẹ̀ Tí Ìyá Mi Kò Fi Ránṣẹ́ Sọ́jà

Mo tètè máa ń bínú, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìbínú ayé mi, èyí tí mo bí sí ìyá mi nítorí sálúbàtà rọ́bà ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Dàhòmẹ̀ la ṣì ń pe orílẹ̀-èdè wa. Sálúbàtà rọ́bà, èyí tí okùn rẹ̀ máa ń há sáàárín ìka ẹsẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀nà igbó wọ ọjà Kétu láti ìhà Nàìjíríà, kí àwọn dùwáànì, àwọn aṣọ́bodè, má baà gbà á lẹ́nubodè. Kí ó tó dé, bàtà aláwọ la ní fún ọjọ́ ọdún, ẹsẹ̀ lásán fún ọjọ́ yòókù. Kò pẹ́ tí tọmọdé tàgbà fi ń wọ̀ ọ́ lọ síbi kànga.

Kétu ni mo lọ́kọ sí, mo sì lóyún àkọ́bí mi. Odomèta ni ìyá mi wà, ní abúlé oko. Ní ilẹ̀ tiwa, ìyá ẹni ló ń wá wẹ ọmọ àkọ́bí, tí á sì dúró ti ìyá ọmọ títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Bí kò bá lè wá, ìyá ọkọ ni. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le. Bó bá ń wẹ ọmọ, ẹ ó rò pé aṣọ oko ló ń fọ̀. Ìyá mi ni mo fẹ́.

Ẹsẹ̀ òsì ìyá mi ló dí ọ̀nà. Omi adágún la ń mu lóko nígbà tí mo wà ní kékeré, omi yẹn ló sì fi sòbìà sí i lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni sòbìà yọ lójú kan náà. Nígbà tó san, ẹsẹ̀ náà kò padà sí bó ti wà: ó fẹ̀, ìka mẹ́ta sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Kò lè tẹ òkúta wẹ́wẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì kún ọ̀nà Odomèta sí Kétu, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta lórí ilẹ̀ pupa tó ń jóni lẹ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn àfi nígbà ìkórè òwú. Ọkọ mi ní òun á fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn. Ìyá mi ní òun kì í ṣe àpò àgbàdo.

Mo wá ní, bó ṣe bàtà ni, màá ra bàtà.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ bàtà kì í gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló máa fi wọn ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò, á ṣẹ́ ẹ síbẹ̀, á fi rán ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ìyá mi fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin tó ń ta bàtà tẹ́ ìgbálẹ̀ náà sórí rọ́bà kan, ó bá a mu. Mo ti ẹsẹ̀ tèmi náà bọ̀ ọ́ wò, ó bá mi mu rẹ́gí. Inú mi dùn pé ẹsẹ̀ èmi àti ìyá mi dọ́gba.

Pẹ̀lú oyún oṣù méje, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Odomèta. Ìyá mi jókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Ó fẹ̀ ju rọ́bà lọ, okùn kò sì ríbi gbà láàárín ìka.

Mo ní, "Ìyá, ẹsẹ̀ wo lẹ wọ̀n?"

Wọ́n ń wo àwọn ewúrẹ́. "Èyí tó dára ni. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ burúkú ránṣẹ́ sọ́jà?"

Ìbínú gbé mi. Mo ní ìtìjú wọn ló máa jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn wẹ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n kàn fa ẹsẹ̀ náà wọ abẹ́ ìró.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé láti kékeré mi, n kò rí ẹsẹ̀ yẹn ní gbangba rí. Ìró ló máa ń bò ó. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà fún mi.

"Kò dára ní wíwò."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ fi ṣaya ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n nà án jáde. Mo gbé e lé ìwé àpò sìmẹ́ǹtì, mo fi èédú fa ìlà yí i ká. Ó wúwo lọ́wọ́ mi, ojú àpá ń dán, ó sì gbóná. Mo rọra ṣe é ju bó ti yẹ lọ, torí n kò fẹ́ kí ó tètè tán.

Nígbà tí mo padà dé ọjà, obìnrin tó ń ta bàtà kò gbà láti tú bàtà ká, kó ta ti òsì nìkan fún mi. Ó ní ta lòun máa ta ẹyọ kan fún. Òótọ́ ni. Mo bá tún ra bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì mìíràn, ti ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, mo sì tún gba ọ̀nà Odomèta. Nínú ilé ìdáná ìyá mi, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tó pọ́n nínú iná lu ihò tuntun sí ti òsì, níbi tí okùn á ti rí àyè gbà láàárín ìka wọn. Òórùn rọ́bà gba ilé. Wọ́n wọ̀ wọ́n, kékeré lọ́tùn-ún, ńlá lósì, wọ́n rìn dé ìdí abà àgbàdo, wọ́n padà.

Wọ́n ní, "Kò ta mí." Wọ́n tún un sọ.

Ó wá ku kékeré òsì àti ńlá ọ̀tún. N kò lè sọ wọ́n nù, èmi ni mo wọ̀ wọ́n. Àwọn ará Kétu ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo yá. Mo ní kí wọ́n bi ọkọ mi.

Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ, mo gbọ́ ìró bàtà lójúde, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Ìyá mi ti rìn dé. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," wọ́n bu omi. Nígbà tí ìyá ọkọ mi fẹ́ gbálẹ̀, ó to bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kékeré pẹ̀lú kékeré, ńlá pẹ̀lú ńlá. Ó ní báyìí ni wọ́n pé.

Ọmọ mẹ́rin ni ìyá mi fi bàtà náà wá wẹ̀ fún mi. Ọ̀nà Kétu nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi, àwọn ẹbí kó ẹrù wọn fún mi, bàtà náà wà nínú rẹ̀. Mo mú ti ọ̀tún, èyí kékeré, mo gbé e ti òsì kékeré tí mo tọ́jú. Mo ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ̀ wọ́n. Wọ́n bá mi mu rẹ́gí, bí ìgbálẹ̀ yẹn ṣe wí.

Mo bọ́ wọn. N kò wọ̀ wọ́n jáde rí.