Ẹni Tó Ń Wúkọ́ Nínú Orin

Orin kan wà tí mo fi ń dán gbogbo ẹ̀rọ wò. Orin sákárà àtijọ́ ni. Gòjé ló máa ń kọ́kọ́ sunkún níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn olórin á wọlé. Kí ohùn yẹn tó wọlé, ẹnì kan máa ń wúkọ́ lẹ́yìn. Kì í ṣe olórin fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè ni, ọ̀nà ọ̀fun ń yún un, ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Lórí rédíò, ẹ ò lè gbọ́ ọ. Lórí fóònù, ẹ ó rò pé ariwo lásán ni. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tèmi, nínú pálọ̀ wa ní àdúgbò Kalley nílùú Niamey, ojú kan ni ikọ́ yẹn máa ń bọ́ sí, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àfi bíi pé ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀ tó ń retí kí a bu omi fún òun.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sí i, ọkọ mi wà lórí àga wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò gbójú sókè. "Pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n wí. Ìgbà tó yá ni wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àlàájà, ta ló wọlé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ó dùn wọ́n díẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà. Bí ọkùnrin yẹn bá ti wúkọ́, ọkọ mi á ní "Pẹ̀lẹ́ o," wọn á sì máa bá tẹ̀sùbáà wọn lọ. Wọn kì í gbà pé àwọn fẹ́ràn orin mi. Wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí lásán ni, pé ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, ó yẹ kéèyàn kí i.

Kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Aṣọ ni mò ń tà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, mo sì ti pẹ́ ní Niamey débi pé Haúsá ni mo fi ń ná ọjà, Zarma ni mo fi ń bínú. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń fi èrè ọjà ra wúrà. Èmi fi tèmi ra sípíkà. Òyìnbó kan tó parí iṣẹ́, tó ń padà sílùú rẹ̀, ló tà á fún mi, pẹ̀lú ámpù kan tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, tó wúwo débi pé ẹni tó gbé e wọlé bẹ̀ mí pé kí n má kó kúrò nílé yẹn mọ́ láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń gba orin wọlé láti orí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Oṣooṣù ni mò ń sanwó fún àwọn èèyàn tí n kò rí rí, kí wọ́n lè máa fún mi ní àwọn orin tí bàbá mi ní lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, tí àwa ọmọ wọn fi dé ìkòkò lẹ́yìn tí wọ́n kú.

Ohun tó ń ba ọkọ mi nínú jẹ́ nínú ilé kì í ṣe orin yìí. Bélì aṣọ ni. Pálọ̀ ni mo fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí: bélì dàmáàsì, bélì àǹkárá, léèsì inú ọ̀rá, gbogbo wọn tò gun ògiri títí dé ojú fèrèsé. Àlejò tó bá wọlé ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ mi fi gbogbo agbára wọn wà, láti Cotonou wá sí Niamey, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Àlàájà, iwájú ẹrù ni mo jókòó sí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ṣé iwájú ẹrù náà ni màá jókòó sí kú?" Màá kàn ní kí wọ́n ní sùúrù.

Nígbà tó yá, mo rí ṣọ́ọ̀bù tó ní yàrá lẹ́yìn ní ọjà Katako, mo sì kó gbogbo bélì kúrò nílé. Ẹ ò rí ọkọ mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n rìn láti ògiri dé ògiri, wọ́n yí padà, wọ́n tún rìn ín. Wọ́n pe kunlékunlé kan pé kó fi ọ̀dà tó ń dán kun ògiri, wọ́n fọ táìsì ilẹ̀ fúnra wọn. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí á bá wọn wálé, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa mu tíì, ọkọ mi á sì jókòó láàrin wọn, ojú wọn á máa tàn. Inú mi dùn sí i gan-an. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ṣe é.

Àfi bí mo ṣe gbé orin mi sí i. Gòjé ń họ mí létí. Ohùn olórin wọlé, ó gba gbogbo ilé kan, n kò mọ ibi tó dúró sí. Ikọ́ yẹn ńkọ́? Ikọ́ yẹn kò jókòó síbì kankan. Ó fọ́n ká bí àgbàdo tó dànù lórí símẹ́ǹtì.

Ọkọ mi ò sì sọ nǹkan kan.

Mo wò wọ́n. Tẹ̀sùbáà ń lọ. Mo dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ikọ́ tún kọjá. Mo ní, "Àlàájì, ẹ ò kí i?"

Wọ́n ní, "Ta ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dà bíi pé èmi àti ọkọ mi jọ ní ọ̀rẹ́ kan, ọ̀rẹ́ náà kú, wọn ò sì mọ̀. Mo ti pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́: ẹ̀rọ mi ti gbó.

Mo gba àdúgbò Lazaret lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ta àpótí pẹlẹbẹ yẹn fún mi. Ẹ̀rọ orin ló ń tà, ó sì ń ta tìmùtìmù pẹ̀lú, torí ó ní àwọn tó fẹ́ sùn pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ gbọ́ orin lọ. Mo ṣàlàyé àìsàn náà fún un. Ó mirí bíi dókítà.

"Hajiya, waya ce," ló wí. Wáyà ni. Ó yá mi ní wáyà kan tó nípọn bí okùn ìso-màlúù. Mo gbé e délé, mo so ó, ikọ́ ṣì fọ́n ká. Mo padà lọ. Ó ní kì í ṣe wáyà mọ́, àpótí ni, pé ohun tó ń gba orin wọlé ti di arúgbó. Mo ní ámpù ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà. Mo ní sípíkà ńkọ́? Ó wo òkè, ó ní ká má tíì débẹ̀, kí n má baà sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ sọ mí di wèrè. Tí mo bá dé ọjà, aṣọ ni mo dì mọ́wọ́, àpótí ni mò ń rò. Oníbàárà á béèrè àǹkárá aláwọ̀ búlúù, màá fún un ní pupa. Ṣé àpótí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ni, àbí ámpù? Bí mo bá pààrọ̀ àpótí, tó wá jẹ́ pé ámpù ni ńkọ́? Nígbà tó sú mi, mo ní kí ọkùnrin náà so àpótí tuntun mọ́ ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàrin àwọn tìmùtìmù, kó gbé orin mi sí i. Ikọ́ náà bọ́ sí ojú kan, gún régé, lápá òsì. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní kó gbé àpótí náà pa mọ́ fún mi, pé màá wá mú un tí ọjà Jímọ́ọ̀ bá ti kọjá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọyẹ́ dé, tòun ti eruku rẹ̀. Mo wà ní ilé ìdáná láàárọ̀, mo gbọ́ tí ọkọ mi wúkọ́. N kò mọ ibi tí wọ́n wà. Mo yọjú sí yàrá, wọn ò sí níbẹ̀. Mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Àlàájì, ibo lẹ wà?"

"Orí àga mi nínú pálọ̀. Ibo ni mo tún ń lọ?"

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wú." Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, àmọ́ ọyẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n jiyàn, wọ́n wú u. Ikọ́ ọkọ mi fọ́n ká inú pálọ̀, ó kan ọ̀dà tó ń dán, ó kan táìsì, ó padà wá bá mi láti ẹ̀yìn. Ọkọ mi kò ní wáyà. Wọn kì í gba ìńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Kò sí ohun tí mo lè pààrọ̀ lára wọn.

Ìgbà náà ni mo tó wo ògiri, tó ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn bélì mi ló ń gbé ohùn mì, tí wọ́n ń mú un dúró lójú kan látọjọ́ yìí. Tìmùtìmù ló sì ń bá ọkùnrin Lazaret ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kì í ṣe àpótí.

N kò sọ fún ọkọ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kí wọ́n padà síwájú ẹrù? Mo pa ẹ̀rọ, mo fi aṣọ bò ó. Ọjọ́ ń lọ, ọkùnrin Lazaret ń pè mí lórí fóònù, n kò gbé e. Ọkọ mi ló wá béèrè lọ́wọ́ mi nídìí oúnjẹ.

"Àlàájà, orin dà?"

Mo gbìyànjú láti purọ́, kò dùn lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, látorí ikọ́ dórí ògiri. Mo sọ pé ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò kí ọkùnrin yẹn mọ́. Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pálọ̀ yín ni." Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n dìde.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ sí mi ní Katako. Ọkọ mi kì í wá sí ọjà. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yí àwọn bélì ká, wọ́n ní, "Èwo ni kò tà rárá?" Mo nawọ́ sí àwọn bélì dàmáàsì kan báyìí, tí àwọ̀ wọn dà bí oògùn ikọ́, tí n kò lè fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ìyẹn dára. Èyí tí kò ní jáde mọ́ ni mo fẹ́." Wọ́n bá lọ pe takisí. Wọ́n kó àwọn bélì náà sẹ́yìn, àwọn fúnra wọn jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé wọn.

Nílé, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìdí ògiri àti igun pálọ̀ ni wọ́n to bélì sí, ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn á na ẹsẹ̀ sí ṣì wà. Wọ́n dúró láàrin pálọ̀, wọ́n wúkọ́, wọ́n wò mí. Mo ní kí wọ́n sún ti apá ọ̀tún díẹ̀. Wọ́n sún un, wọ́n tún wúkọ́. Mo ní ó ti jókòó.

Wọ́n lọ sórí àga wọn, wọ́n mú tẹ̀sùbáà. Mo ká aṣọ lórí ẹ̀rọ, mo gbé orin sí i. Gòjé bẹ̀rẹ̀. N kò wo sípíkà. Ọwọ́ ọkọ mi ni mò ń wò. Ọkùnrin yẹn wúkọ́, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè.

Ọkùnrin náà kò lè fèsì. Èmi ni mo bá a dáhùn. Mo ní, "Ẹ ṣé, Àlàájì."