Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Nọ́ọ̀sì Ṣèlérí

Orí àtẹ̀gùn ilé oníbàárà kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan gbé aṣọ fèrèsé mẹ́fà léjìká, ó ń gòkè lọ sí àjà kẹta láti lọ fi wọ́n kọ́. Nígbà tí yóò fi dé àjà kejì, àyà rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó fara ti ògiri. Oníbàárà tí ń dúró dè é lókè gbọ́ bí ó ṣe ń mí, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi igbe ta.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Màmá yìí fẹ́ kú sí mi lọ́rùn!"

"Mi ò kú" ni aránṣọ fẹ́ fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n "mi ò" há sí i lọ́nà ọ̀fun, "kú" nìkan ló jáde. Ìyẹn ló wá dá kún ìpayà oníbàárà. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n bu omi wá, wọ́n sì tú ọ̀kan nínú aṣọ fèrèsé tí ó rán, wọ́n ń fi fẹ́ ẹ. Ìtìjú náà pọ̀ ju àárẹ̀ lọ.

Ìyá Kọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ó sì ti di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ó ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ti aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń tọ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ń bá ẹni tó bá wọlé sọ̀rọ̀. Gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́, àfi ìdí nìkan tó jókòó bí ọba.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkángun òpópónà wọn lọ. Nọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru. Ẹ máa lo oògùn tí mo bá fún yín, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn láràárọ̀ pẹ̀lú, kí ẹ máa sáré díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Ṣebí mo máa ń rìn lọ sọ́jà?"

"Ìyẹn kọ́. Èyí tí ẹ ó fi làágùn ni mò ń sọ."

"Ṣé ó máa rọrùn fún irú ara mi yìí?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ara yín á ti mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá lọ gan-an, ara yín á máa bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Kọ́tìnnì di gbólóhùn náà mú bí ẹni di ìwé àdéhùn mú. Òun kì í ṣe irú aránṣọ tó máa ń ní kí oníbàárà "padà wá lọ́la". Bí ó bá ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì náà ni. Nítorí náà, ó gbà pé bí nọ́ọ̀sì bá dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ra bàtà kánfáàsì fún un. Ọkọ rẹ̀ sì ní, "Màá sìn ẹ́ lọ. Mi ò ní jẹ́ kó o dá lọ." Inú rẹ̀ dùn sí i lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé wàhálà ló ń gbà wọlé.

Bíríkìlà ni ọkọ yìí. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló ti ń ru búlọ́ọ̀kù, ó sì ń gun àkàbà bí alángbá. Nígbà tí wọ́n dé pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ó na ọwọ́, ó na ẹsẹ̀, ó sì bẹ́ gìjà. Kí ìyàwó rẹ̀ tó dé ojú gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó ti yí pápá po, ó ti bá a láti ẹ̀yìn. Ó wá kọjú sí i, ó ń fi ẹ̀yìn sáré níwájú rẹ̀, ó sì ń súfèé.

"Gbé orúnkún sókè! Ọwọ́ ńkọ́? Ju ọwọ́!"

Ìyá Kọ́tìnnì kò rí èémí tó máa fi bú u. Kò tíì yí ìdajì pápá nígbà tí nǹkan gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jókòó sórí koríko tó ṣì ń sẹ ìrì. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Bí wọ́n ṣe ṣe é títí ọ̀sẹ̀ fi pé nìyẹn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ dúró níwájú dígí, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ wọ ihò tó kàn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Wò ó, mo ti rù díẹ̀!"

Ìyá Kọ́tìnnì fi ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mi ò rù. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ò ru, ẹ̀yin lẹ wá ń rù. Bàbá àwọn ọmọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bá mi lọ mọ́."

Ó ń dá lọ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó rò pé òun á ráyè jìyà láìsí ẹlẹ́rìí, àṣé bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa ń dé lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbẹ bí ìgbálẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ gé pápá kúrú. Ìyá Kọ́tìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ lọ, bàbá á kọjá lára rẹ̀.

"Ẹ kú ìdárayá o, Màmá!"

Kí ó tó rí èémí tí yóò fi dáhùn, bàbá ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, á ní, "Ẹ kú ìrìn o!" Lẹ́yìn ìyẹn, "Ẹ kú ìfaradà o!" Gbogbo nǹkan tí ẹ̀dá ń ṣe ló ní kíkí tirẹ̀, ó sì jọ pé bàbá yìí mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìyá Kọ́tìnnì, tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní ìkíni láti kékeré, tí kò jẹ́ kí àgbàlagbà ṣáájú òun kíni rí, kò lè ṣe ju kí ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni lé eṣinṣin. Ó ń dùn ún ju orúnkún rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mò ń kí yín."

"Rárá... sà... kì í ṣe... èémí... ni..."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Háà! Mo ti ń sọ nílé pé obìnrin kan ń bínú sí mi. Ẹ gbọ́, tí ẹ ò bá ti lè dá mi lóhùn, ẹsẹ̀ yẹn ti yá jù fún yín. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

Ìyá Kọ́tìnnì mí títí ó fi rí ọ̀rọ̀ sọ. "Kí n dẹ̀ ẹ́ kẹ̀, sà? Ìgbín ló ń yà mí sílẹ̀ báyìí."

"Ẹ jẹ́ kó yà yín. Kò bá yín du nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Nọ́ọ̀sì ní kí òun làágùn, ẹlòmíì ní kí òun máa ṣe bí ìgbín. Kò dẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ipá sáré, ó ń jókòó, ó ń dìde, ó ń ka ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ní ọjọ́ Àìkú. Ó jí, ó sì na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń retí kí ara bèèrè. Oorun nìkan ni ara bèèrè. Orúnkún ń ro ó, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta á, ìyípo kan ṣoṣo ló sì lè yí láìjókòó. Ní ọjọ́ kejì, kò lọ sí pápá. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ, ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún nọ́ọ̀sì ẹlẹ́rìn-ín sí ẹnu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló bá lórí àga.

"Wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíì, Mà. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dá fún mi."

"Oògùn ni?"

"Rárá o. Ìrọ̀rùn ni."

Ọmọkùnrin náà ṣí fáìlì rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Kò kọ ọ́ síbí, Mà." Nígbà tí ó wá gbọ́ àlàyé tán, ó fọwọ́ pa orí. "Ara ò dọ́gba. Ti ẹlòmíì máa ń tó oṣù méjì, ó lè tó mẹ́ta. Ẹ ṣáà má dáwọ́ dúró."

Oṣù mẹ́ta! Ìyá Kọ́tìnnì pòṣé láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn dé ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀.

Nígbà tí ipá kò ṣe é mọ́, ó dẹsẹ̀. Á rìn láti ojú gọ́ọ̀lù kan dé ìkejì, á fẹsẹ̀ sáré fún nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, á tún máa rìn. Ojú ń tì í bí ẹni ń jí nǹkan kó. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí èémí sọ pé "Ẹ ṣé, sà." Nígbà tó yá, ó ń sọ pé "Ẹ ṣé, sà, ẹ kú àárọ̀, ilé ńkọ́?" Kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ìyípo ló ń kà, ìyípo kò sì pọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iṣẹ́ ńlá wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí ó rán aṣọ fèrèsé mẹ́rìnlélógún fún gbọ̀ngàn wọn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni kò fi rí ojú pápá. Nígbà tí ó padà lọ, ṣe ni ó dà bí ọjọ́ àkọ́kọ́: àyà ń lù, ẹ̀gbẹ́ ń gún un, ìdajì pápá ni ó mọ. Bí aṣọ tí èèyàn fara balẹ̀ rán, tí wọ́n wá fa òwú kan ṣoṣo, tí gbogbo rẹ̀ tú. Omi bọ́ lójú rẹ̀ lábẹ́ ojú gọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ìbànújẹ́, inú ló ń bí i.

"Ṣebí mo ní kí n máa sìn ẹ́?" ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí ó wọlé.

Ó bọ́ bàtà, ó sì jù ú sí kọ̀rọ̀. "Tí ẹ bá tún sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin lẹ máa dáná lónìí."

Ọkùnrin náà gbọ́n, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàtà fi wà ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú Ìyá Kọ́tìnnì là ní ìdájí, oorun sì kọ̀ láti padà. Kì í ṣe pé ara ń bèèrè o. Oorun ló dalẹ̀ rẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ní, "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi," ó sì lọ gbé bàtà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ yẹn pè é pé gbogbo aṣọ fèrèsé náà kúrú ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìyá Kọ́tìnnì kò lè jẹun lálẹ́. Ó dé pápá lówùúrọ̀ tòun ti ìbínú.

"Ẹ kú ìdárayá o, Màmá!"

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lánàá!"

Bàbá dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Àwọn fúnra wọn ló wọn fèrèsé wọn, sà! Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n gbé e fún mi. Akọ̀wé wá ń sọ fún mi lórí fóònù pé bóyá téèpù mi ló ti gbó. Téèpù mi! Téèpù mi dàgbà ju òun fúnra ẹ̀ lọ!"

"Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi í sí sùn."

Ó rojọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un rò láti ìparí, ó fi ohùn akọ̀wé sọ̀rọ̀, ó fi tirẹ̀ dá a lóhùn. Bàbá ń ṣe "ẹn-ẹ́n" àti "ó mà ṣe o", títí ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ iye ìgbà tí a ti yí pápá yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. A sì fẹsẹ̀ sáré nínú ẹ̀."

Ìyá Kọ́tìnnì dúró. Ó fọwọ́ kan àyà. Ó ń mí lóòótọ́, àmọ́ èémí ẹni tó ń rojọ́ ni. Bí ó sì ṣe mọ̀ báyìí ni orúnkún rẹ̀ rántí pé ó yẹ kí òun máa ro, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ní ọjọ́ kejì tí kò sí ìjà nílẹ̀, ìyípo kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Ṣé kí n máa wá ẹni tí màá bá jà lójoojúmọ́ ni?" ló bi bàbá. Bàbá ní òun ò lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé yanjú: ó gbé ìwé náà lọ, akọ̀wé tọrọ àforíjì, Ìyá Kọ́tìnnì sì fi aṣọ lé ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ pápá ní tirẹ̀ kò yanjú bẹ́ẹ̀. Ó dáa lónìí, ó burú lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kan á lọ geere, èyí tó tẹ̀ lé e á wọ́ bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bi í lórí fóònù bóyá ó ti ń dùn mọ́ ọn, ó ní, "Kò dùn. Ó kàn ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni."

Oṣù kẹrin ni ọjọ́ kan wá dé, ọjọ́ Àìkú, tí ojú ọjọ́ tutù. Bàbá ti lọ kí ọmọ rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ajá kan tó ń họ etí lẹ́bàá ojú gọ́ọ̀lù nìkan ló wà ní pápá. Ìyá Kọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ sáré jẹ́jẹ́. Ó yí pápá lẹ́ẹ̀kan, kò dúró. Ó tún yí i, kò dúró. Ó fi ìrìn yí méjì lé e. Nígbà tí ó ṣe tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó rí i. Ajá dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó sáré wálé, ó wọ yàrá, ó sì jí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ! Ẹ dìde. Mo sáré ìyípo méjì láìdúró!"

"O káre," ni ọkọ wí, ó yí sí ògiri.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi ṣá? Mo ní méjì! Láìdúró!"

"Mo gbọ́. Méjì. O kú iṣẹ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ìyá Kọ́tìnnì dúró lórí rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ da omi sí i lára. Ó pòṣé kan tó gùn dáadáa, ó lọ wẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí yàrá iwájú, ó ṣí fèrèsé, ó sì fa aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n máa wá gbà lọ́jọ́ Ajé sábẹ́ abẹ́rẹ́.