Àmì Tó Já Bọ́ Lórí Ọkọ̀

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Mujeedat ti ń tọ́jú ìwé ní láíbìrì kan ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ dárúkọ ìwé, ọwọ́ rẹ̀ á ti bà á kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ó máa ń fi yangàn díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kan wọlé láti Snake Island, omi ọ̀sà ṣì wà létí ìró rẹ̀. Ṣùkúrátù lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ní obìnrin kì í jogún ibi ìkankọ̀. Ọ̀la ni ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n bàbá máa ń sọ pé ohun tóun fẹ́ wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí tíṣà kan bá òun kọ, tí wọ́n fún láíbìrì.

"Kí lorúkọ ìwé náà, ìyá?"

"Ọkọ̀ Tí Kò Ní Jò. Mi ò mọ̀wé o, àǹtí, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣi orúkọ yẹn pè."

Mujeedat tú abala ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí níbẹ̀. Ojú tì í gan-an. Ìyá náà ò kérora. Ó kàn ń pe orúkọ ìwé náà lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń ja tẹ̀súbáà.

Ibẹ̀ ni etí Mujeedat ti là. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀: OKO TI KO NI JO. Kí ni ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, bíi tirẹ̀ nígbà náà, yóò kà níbẹ̀? Ó sáré lọ sí abala ìgbéyàwó. Ìwé náà ló jókòó síbẹ̀ láàárín ìmọ̀ràn fún tọkọtaya, káàdì rẹ̀ nínú, tòun ti àmì, tí Mujeedat fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: Ọkọ Tí Kò Ní Jó.

"Yéè! Ìyá, mo ti sọ bàbá yín di ọkọ tí kì í jó!"

"Bàbá wa tí ijó fẹ́ẹ̀ pa!" Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mujeedat bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tó dé ojú ewé kọkànlá, ó bá ọ̀rọ̀ bàbá náà pàdé: "Tíṣà bi mí pé ta ni yóò máa kan ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Ṣùkúrátù ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ìṣó kàn, ṣùgbọ́n òun ló ń gbọ́ ibi tí omi fẹ́ gbà wọlé."

Ìyá náà sún mọ́ ìwé náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Mujeedat kúnlẹ̀ kó tó tún un kà, nítorí àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà.