Ọjọ́ tí Bàbá Bá Wa Bẹ Ìjọba

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣòfin lórí irú ìdókòwò tí mo ń ṣe ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́fun mi mọ́. Mo lè tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ní Rye Lane, ní Peckham nílùú Òyìnbó níbí, kí n máa wo fóònù ṣáá bóyá owó wa ṣì wà níbẹ̀. Ẹlẹ́ran á bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tí mo fẹ́ rà kí n tó gbọ́. Ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá.

Kí n ṣàlàyé. Àpò ìdókòwò kan wà tó jẹ́ pé bí ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá lọ sókè díẹ̀ lónìí, owó àwọn tó wà nínú rẹ̀ á lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ọjà bá já wálẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta náà ni owó wọn á fi já. Òmíràn wà tó jẹ́ òdìkejì èyí: ìgbà tí ọjà bá ń ṣubú ni tiẹ̀ ń jèrè. Èmi àti àwọn bíi mélòó kan tí a jọ ń lọ sí kíláàsì Kùránì lọ́jọ́ Sunday la jọ kówó sí ti ìlọ́po mẹ́ta yẹn. Ọ̀kan nínú wa ti sọ pé owó èlé ń bẹ nínú rẹ̀, pé kò yẹ Mùsùlùmí. A ní ká bi àáfà. A ò tíì bi í títí di òní.

Owó tèmi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó tí mo lè fi ṣeré. Owó ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ni. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù ní Camberwell, orúnkún ti wá ń dà á láàmú. A ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Walworth, nítòsí ọjà East Street, níbi tí yóò ti máa ránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi owó náà síbi tí yóò ti tètè pọ̀. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ìjọba wá ní kí ẹni tí kò bá lówó rẹpẹtẹ, tàbí tí kò bá yege ìdánwò kan, má ṣe ra irú rẹ̀ mọ́, kí àwọn tó sì ti rà á tẹ́lẹ̀ tà á kúrò. Owó wa ti lọ sílẹ̀ gan-an nígbà yẹn. Bí mo bá tà á, ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn. Inú bí mi. Ta ló sọ fún wọn pé mẹ̀kúnnù ò mọ ohun tó ń ṣe? Àwọn olówó á máa ṣe tiwọn lọ, àwa ni wọ́n fẹ́ máa tọ́jú bí ọmọ ọwọ́! Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn wá sọ tẹnu rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo há a sórí, mo ń sọ ọ́ nínú balùwẹ̀.

Àmọ́ àgbà kan wà láàárín wa, Alhaji tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá la máa ń pè é. Báwo la ṣe fẹ́ lọ síwájú ìjọba kí ọmọdé máa sọ̀rọ̀ kí àgbà máa wò? Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ jiyàn rẹ̀. Èmi gan-an ni mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ṣaájú wa, sà." Mo rò pé yóò kàn kí wọn ni, yóò sì fa ọ̀rọ̀ lé mi lọ́wọ́.

Bàbá dìde, ó tún fìlà ṣe. Òyìnbó rẹ̀ dán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, obìnrin kan tó rọra ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dúpẹ́ pé wọ́n gbà wá sílùú wọn. Ó ní bí òbí ni ìjọba rí sí wa. Ó ní òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, pé nǹkan yìí léwu, pé a ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ń mi orí, à ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Bí a bá ń bẹ ẹni tó jù wá lọ, a máa ń kọ́kọ́ gbà fún un pé ó jàre, ká tó wá rọra sọ pé "àmọ́". Bàbá ń bọ̀ wá sórí "àmọ́" náà. Mo ń wo aago ara ògiri. Ṣé kí n fà á láṣọ ni? Mi ò jẹ́ dán an wò. Agogo ìṣẹ́jú mẹ́ta dún kí Bàbá tó débẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dúpẹ́ pé a fòótọ́ inú sọ̀rọ̀, ó sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ tó wá láti Peckham fara mọ́ òfin náà. Mo nawọ́. Wọ́n ní àkókò wa ti tán, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ mìíràn.

Nígbà tí a dé ìta, inú Bàbá ń dùn ṣìnkìn. "Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe fetí sílẹ̀? They respected us. Ọ̀rọ̀ wa ti wọlé."

Mo tẹ̀ríba. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ìyàwó mi ti bá wa jókòó nínú gbọ̀ngàn náà, èmi àti òun la wá jọ wọ bọ́ọ̀sì kó lè gba ibi iṣẹ́ lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀, mo ń bú alága, mo ń bú agogo. A dé Walworth Road kó tó dá sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ká ní wọ́n fún yín láyè, kí lẹ bá sọ?"

"Pé kí wọ́n fún wa ní time. Market á padà sókè, owó wa náà á padà."

"Ṣé market ò tíì padà ni? Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi last week pé ó ti padà síbi tó wà ká tó fowó sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Owó wa wá ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé ìlọ́po mẹ́ta, mo dá a dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ọjà ti padà, owó wa ò padà, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀. A kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwa méjèèjì ò wò ó.

"Nígbà tí Bàbá ní a ò mọ̀ ọ́n," ó ní, "mo rí yín, ẹ̀ ń mi orí. Mo ṣe bí ẹ kàn ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

Ní Camberwell Green, ó fọwọ́ ti àga dìde nítorí orúnkún rẹ̀, ó so káàdì iṣẹ́ mọ́ ọrùn. "Ìrẹsì wà nínú fridge, ẹ bá àwọn ọmọ gbé e kaná," ó wí, ó sì sọ̀kalẹ̀, ó forí lé ọsibítù.